Mílíọ̀nù Márùn-ún Náírà Nítorí Koríko

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mówà tí wọ́n ń gùn ni, èyí tí ènìyàn yóò jókòó lé lórí, tí yóò di ìdarí rẹ̀ mú, tí yóò sì máa gé koríko lọ. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ti ẹṣin méjìdínlógún, ibi tó ń gé koríko lábẹ́ rẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì 42, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦4,800,000. Ọkọ mi ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé a óò rà á. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rọ náà yóò ti máa ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì ń wá owó oṣù àwọn olùkọ́ nígbà tí oṣù bá parí. Kò rọrùn fún mi láti gbà, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì tíì rí ìdí gúnmọ́ tí mo lè fi kọ̀.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ìranù. Ní Àkúrẹ́ níbí, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, kì í sì í dáwọ́ dúró títí oṣù Kẹwàá yóò fi parí, àfi ìsinmi díẹ̀ tó máa ń fún wa nínú oṣù Kẹjọ. Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa, tó wà lápá ọ̀nà Ọ̀dà, jẹ́ ọgbọ̀n pulọ́ọ̀tì. Bí a bá yọ ilé, ojú ọ̀nà àti ibi tí a gbin ẹ̀gẹ́ sí kúrò, pulọ́ọ̀tì méjìdínlógún ló kù fún koríko, èyí sì jẹ́ éékà mẹ́ta, nítorí pé pulọ́ọ̀tì mẹ́fà onífíìtì 60 sí 120 ló wà nínú éékà kan. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá nínú oṣù Kẹfà láìgé e, àwọn ọmọ kéékèèké kò ní rí bọ́ọ̀lù wọn mọ́. Òbí tó bá sì rí koríko gíga nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kò ní béèrè àbájáde ìdánwò mọ́. Ejò ni yóò béèrè.

Ohun tí ọkọ mi rí ní Ìlárá-Mọ̀kín

Ìfẹ́ ẹ̀rọ yìí kò dédé wọ ọkọ mi lára. Ìlárá-Mọ̀kín kò jìnnà sí Àkúrẹ́, pápá gọ́ọ̀fù oníhò méjìdínlógún sì wà níbẹ̀. Ó lọ síbẹ̀ fún ìpàdé ẹgbẹ́ kan, ó sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó lórí ẹ̀rọ, tó de fìlà, tó ń gé koríko lọ láìlàágùn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sinmi.

“Ìyá Ìbejì,” ó ní, “ẹnì kan ṣoṣo ló ń gé gbogbo ilẹ̀ yẹn o. Ẹnì kan.”

Òótọ́ ló sọ, n kò sì bá a jiyàn. Ohun kan tí kò sọ, tí èmi náà kò sì rò ní àkókò yẹn, ni pé koríko pápá gọ́ọ̀fù kì í ga rárá. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń gbá gọ́ọ̀fù dáadáa, ojú ibi tí ihò wà ni wọ́n máa ń gé lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ kejì síra wọn, ibi yòókù sì ní ọjọ́ tirẹ̀ tí wọn kì í jẹ́ kó yẹ̀. Ọkọ mi rí ẹ̀rọ. Kò rí ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ iṣẹ́ sí.

Ìṣirò ẹni tó ń tajà

Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Kò bá wa fa ọ̀rọ̀ lórí owó. Ó kàn béèrè iye tí a ń ná lórí koríko lọ́dún, mo sì sọ fún un: ₦5,000 lórí pulọ́ọ̀tì kan, pulọ́ọ̀tì méjìdínlógún, èyí tó jẹ́ ₦90,000 nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá gé e, ìgbà méje láàárín ọdún. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó ní ₦630,000 ni. Ó wá fi èyí pín ₦4,800,000, ọdún méje ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ló jáde. “Ẹ̀rọ yìí á lo ọdún mẹ́wàá dáadáa, mà,” ó ní, “ọdún tó bá kù lẹ́yìn èyí, ọ̀fẹ́ lẹ óò máa gé koríko yín.” Nígbà tó rí i pé n kò fèsì, ó pa á lówe fún mi pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta àáké ló pa á.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nínú ìṣirò yẹn ni pé kò sí epo nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó tó èyí lè mu lítà mẹ́ta sí mẹ́rin ní wákàtí kan. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti gòkè dé nǹkan bí ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Ẹni tó bá ṣírò ẹ̀rọ onípẹtiróòlù ní Nàìjíríà lẹ́yìn ọjọ́ náà tí kò ka epo mọ́ ọn, ìtàn ló ń sọ. Lẹ́yìn epo, ọ́ìlì wà tí a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún bí àádọ́ta wákàtí. Abẹ wà tí a gbọ́dọ̀ máa pọ́n, bẹ́líìtì wà tó ń já, bẹ́ríìnì wà tó ń gbó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ẹ̀rọ kò níṣẹ́ láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, bátìrì yóò máa kú lọ díẹ̀díẹ̀, epo tó bá sì ṣẹ́kù sínú kabúrétọ̀ yóò dì, yóò sì dí ojú ihò rẹ̀.

Síbẹ̀, n kò lè fi gbogbo èyí kọ̀ fún ọkọ mi. Kò sí ẹ̀rọ tí kì í jẹ epo, jẹnẹrétọ̀ wa pàápàá ń jẹ ẹ́. Ìdáhùn tó fún mi ni pé ẹ̀rọ náà yóò gé éékà mẹ́ta ní wákàtí méjì ààbọ̀, ìṣirò náà sì tọ́: bí ẹ̀rọ oní-ínṣì 42 bá ń rìn ní máìlì mẹ́rin ní wákàtí kan, ó yẹ kó lè gé ju éékà kan ààbọ̀ lọ nínú wákàtí náà, bí a bá sì yọ ibi tí yóò ti máa yí po àti ibi tí yóò ti máa yà fún igi, éékà kan àti díẹ̀ ni yóò kù. Àwọn tó ń gé e fún wa ń lo odindi ọjọ́ méjì.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá la koríko fún mi wò

Ọmọ Ìdànrè ni Bàbá tó ń gé koríko fún wa. Oko kòkó ló ti kọ́ àdá kí ó tó di ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ ìgékoríko kọ́ èjìká. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ mówà náà lẹ́nu mi kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́, torí náà mo lọ bá a ní àárọ̀ Sátidé kan nígbà tó ń po epo. Ó ń fi ọmọrí ìgò wọn ọ́ìlì sínú pẹtiróòlù, ó ń ka iye rẹ̀ sábẹ́ ètè, ó wá dé ìgò náà, ó sì ń mì í títí àwọ̀ epo fi yí padà.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá wa. Ṣé kò sí o?”

“Kò sí. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n fẹ́ tà fún wa, èyí tí wọ́n ń jókòó lé gé koríko. Mo ní kí n fi tó yín létí.”

Ó gbé ìgò náà sílẹ̀. Mo retí pé inú rẹ̀ yóò bàjẹ́, tàbí pé yóò máa bẹ̀ mí. Dípò bẹ́ẹ̀, ó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà.

“Ìyá wa, báwo ni koríko ṣe máa ga tó kí ẹ̀rọ náà tó wọ̀ ọ́?”

Ìbéèrè náà kò yé mi. Ó ní kí n máa bọ̀. A rìn dé àárín pápá bọ́ọ̀lù níbi tí koríko ti dé orúnkún, ó lóṣòó, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì la koríko náà sí ọ̀tún àti sí òsì. Òkè rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n, kò sí ewé níbẹ̀ mọ́, igi rẹ̀ lásán ló dúró. Lábẹ́ igi náà ni pàǹtírí koríko tí a gé ní oṣù tó kọjá sùn sí, ó tutù, ó sì ti ń rà. Bàbá ti ọwọ́ bọ ibẹ̀, ó yọ ìdajì búlọ́ọ̀kù kan jáde, ó tún yọ sálúbàtà ọmọdé kan tí rọ́bà rẹ̀ ti já.

“Irú eléyìí,” ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ lu koríko náà, “ẹ̀rọ tí wọ́n ń jókòó lé kò lè jẹ ẹ́. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ní in. Tó bá dé orúnkún báyìí, á dí abẹ́ ẹ̀rọ pa, bẹ́líìtì á máa rùn. Èmi ni wọ́n máa ń pè pé kí n wá kọ́kọ́ gé e kí ẹ̀rọ tó wọlé.”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ jẹ́ kí n bi yín, Ìyá wa. Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lẹ ń pè mí?”

“Owó ni, Bàbá.”

“Owó náà ni mò ń sọ. Koríko orúnkún lẹ ń sanwó rẹ̀. Ó ń jẹ epo, ó ń jẹ abẹ onírin, ọjọ́ méjì ni èmi àti ọmọ mi fi ń gé e, a tún máa kó o dànù. Tẹ́ ẹ bá ń pè mí ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, okùn ọ̀rá tó ń yí dípò abẹ ni mà á fi gé e, ọjọ́ kan péré ni, kò sí kíkó. Ìdajì owó ni mà á gbà.”

“Ìdajì?”

“Ìdajì. Ẹ ò béèrè rí ni.”

Mo ní kó tún iye náà sọ fún mi, ó tún un sọ. ₦2,500 lórí pulọ́ọ̀tì kan. Ó dìde, ó gbọn ìdọ̀tí orúnkún rẹ̀, ó sì fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù àti sálúbàtà.

Ohun tí a ń sanwó fún gan-an

Láti oṣù Kẹrin dé ìparí oṣù Kẹwàá, bí a bá ń gé e ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ₦45,000 jẹ́ ₦675,000. Èyí fi ₦45,000 péré ju ohun tí a ń san lórí ìgbà méje lọ. Owó ìgbà kan ṣoṣo tí Bàbá yóò gé koríko kúkurú ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín pápá tó mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò dé òpin rẹ̀ àti pápá tó ń di igbó ní ìparí oṣù.

Mo wá ṣe ìṣirò mówà náà lórí ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan náà. Wákàtí méjì ààbọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, lítà mẹ́rin ní wákàtí kan, ₦1,000 lórí lítà kan, ₦150,000 ni epo. Mo ya ₦200,000 sọ́tọ̀ lọ́dún fún ọ́ìlì, abẹ, bẹ́líìtì àti bátìrì, n kò sì rò pé mo ṣe àsọdùn. Ẹni tí yóò gùn ún kò ní gba ohun tó dín ní ₦5,000 lẹ́ẹ̀kan, ₦75,000 nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà: mówà kò lè wọ ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò lè wọ etí gọ́tà, kò lè wọ ìdí igi máńgòrò, kò sì gbọdọ̀ wọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ọgbà wa tó lọ bá odò kékeré tó ń ṣàn sí Àlà. Gbogbo ibẹ̀ yẹn, ẹ̀rọ èjìká náà ni yóò gé e. Bí mo bá fún Bàbá ní ₦20,000 fún un nígbà kọ̀ọ̀kan, ₦300,000 nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦725,000 lọ́dún, lẹ́yìn tí a bá ti kọ́kọ́ san ₦4,800,000.

Ìyẹn ni pé a óò ra ẹ̀rọ, a óò sì tún máa ná owó lọ́dọọdún ju èyí tí Bàbá fẹ́ gbà lọ.

Mo yẹ ìṣirò náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí pé n kò gbà á gbọ́. Ibi tí ẹni tó ń tajà ti bò wá lójú, bóyá láìmọ̀, ni pé ó fi iye owó koríko gíga wé iye owó ẹ̀rọ tí kò lè gé koríko gíga. Bí ẹ̀rọ yóò bá ṣiṣẹ́, koríko gbọ́dọ̀ máa wà ní kúkurú. Bí koríko bá sì ti ń wà ní kúkurú, ẹ̀rọ èjìká ti di olówó pọ́ọ́kú. Gbogbo ohun rere tí ọkọ mi rí ní Ìlárá-Mọ̀kín, ọjọ́ iṣẹ́ tí kì í yẹ̀ ló ni ín.

Bí a bá wo ibi tí ẹ̀rọ yìí ti ṣẹ̀ wá, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ní ọdún 1830, ní agbègbè Stroud ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Edwin Budding rí ẹ̀rọ tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ onírun àgùntàn fi ń gé irun tó yọ lójú aṣọ kí ojú rẹ̀ lè jọ̀lọ̀. Ó rò ó pé bí abẹ tó ń yí bá lè ṣe èyí fún aṣọ, ó lè ṣe é fún koríko, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ lọ́dún náà. Ẹ̀rọ tí a fẹ́ rà kò gé koríko lọ́nà kan náà, nítorí pé abẹ tirẹ̀ ń yí ní ìdùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n èrò ìpìlẹ̀ náà kò yí padà: ohun tó ti jọ̀lọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe é láti mú kó máa jọ̀lọ̀ lọ. Ibi gíga jù lọ tí a lè gbé abẹ irú ẹ̀rọ yìí sí kì í ju nǹkan bí ínṣì mẹ́rin lọ. Ìmọ̀ràn àwọn tó mọ̀ nípa pápá sì ni pé kí a má ṣe gé ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta ewé koríko lọ lẹ́ẹ̀kan. Pápá wa tó dé orúnkún, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n, ti ré kọjá ìmọ̀ràn yẹn tipẹ́tipẹ́. Ìdí nìyí tó fi máa ń gbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a bá gé e, tí a sì máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru oòrùn.

Àdá àti pọ́ṣọ̀n

Mo ti ń bi ara mi léèrè ìdí tí kò fi sí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, àgbàlagbà ni gbogbo wa, tó mọ̀ pé koríko kúkurú dín lówó. Ìdáhùn tí mo rí ni pé a kò sanwó koríko rí. Àwa tí a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìpínlẹ̀ yìí láyé ọjọ́un, àdá wà lára ẹrù tí a ń dì padà sí ilé ẹ̀kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Wọn á wọn ilẹ̀ fún ọ, wọn á ní pọ́ṣọ̀n rẹ nìyẹn, o kò sì gbọdọ̀ jẹun kí o tó gé e tán. Ẹni tó bá pẹ́ dé, pọ́ṣọ̀n tirẹ̀ fẹ̀ jù. Koríko ilé ẹ̀kọ́ kò ní iye owó nígbà náà, nítorí pé àwa gan-an ni iye owó rẹ̀.

N kò sọ pé kí a dá àṣà yẹn padà; àwọn òbí àwọn ọmọ tí mò ń tọ́ yóò kó ọmọ wọn lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọn kò sì jẹ̀bi. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun tí a kò sanwó fún rí, a kì í mọ bí owó rẹ̀ ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tó bá ti ga tó ń bani lẹ́rù nìkan ni ojú wa ń rí i, a ó sì wá máa wá ohun ńlá tí yóò yanjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà la ń ṣe sí gọ́tà tí a kò kó ìdọ̀tí rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àti sí òrùlé tí ìṣó kan péré ti yọ lára rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ka ìwé ìnáwó ilé ẹ̀kọ́ wa fún ọdún márùn-ún sẹ́yìn, yóò rí i pé owó ńláńlá tó wà níbẹ̀, owó ohun kéékèèké tó pẹ́ kí a tó ṣe é ni.

Ọkọ mi ní èsì kan sí èyí, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nítorí pé kò burú. Ó ní owó ńlá ni yóò fipá mú wa láti máa ṣe é déédéé. Ẹni tó bá ná mílíọ̀nù márùn-ún kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ sùn. Mo ní kó bá mi rìn yí ìlú yìí ká, kó ka iye jẹnẹrétọ̀ àti katakata tí tapólì bo mọ́lẹ̀ nínú ọgbà àwọn tí wọ́n ná jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ló yẹ kó rà á?

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí mo bá ní éékà méjìlá tó tẹ́jú, tí mo sì ti ń gé e déédéé, ìṣirò yóò yàtọ̀ pátápátá. Owó Bàbá yóò di ₦2,700,000 lọ́dún, iṣẹ́ ẹ̀rọ kò sì ní gòkè tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà owó rẹ̀ lè padà wọlé láàárín bí ọdún márùn-ún sí mẹ́fà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò nílò èyí tó lágbára ju tiwa lọ, torí pé wákàtí tí yóò máa ṣiṣẹ́ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Yunifásítì, ibùdó ìpàgọ́ ńlá àti pápá gọ́ọ̀fù kò níṣòro láti dáhùn ìbéèrè yìí.

Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Lórí àpáta ni Àkúrẹ́ jókòó sí. Òkúta ń yọrí nínú ọgbà níbi tí kò sí lọ́dún tó kọjá. Àwọn tó ń ṣe mówà yìí kì í fẹ́ kí a gùn ún lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ju dígírì 15 lọ, nítorí pé ó lè dojú dé mọ́ ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ẹnu abẹ rẹ̀ lè sáré tó nǹkan bí 300 kílómítà ní wákàtí kan. Bí ó bá pàdé ìdajì búlọ́ọ̀kù tí Bàbá yọ yẹn, èyí tó bá fò jáde kò ní wo ojú ọmọ ẹni tó ń bọ̀. Mo lọ wo tòkunbọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ₦2,100,000, torí mo rò pé bóyá ìyẹn ni yóò parí ìjà ilé wa. Wọ́n kùn ún dáadáa. Nígbà tí mo ní kí mẹkáníìkì tí mo mú lọ gbé ìjókòó rẹ̀ sókè, ó fi wáyà méjì hàn mí tí wọ́n ti so pọ̀, tí wọ́n sì fi téèpù dúdú wé. Súìṣì tó yẹ kó pa ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó gùn ún bá dìde tàbí tó bá já bọ́ ni wọ́n ti yọ kúrò nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò béèrè iye tí wọ́n lè dín in kù sí. Nínú ilé ẹ̀kọ́?

Ọ̀rọ̀ yíyá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Bí mówà bá wọ àdúgbò wa lọ́jọ́ Ajé, kó tó di ọjọ́ Ẹtì ni ilé ìjọsìn, ẹgbẹ́ onílé àti ẹni tó ń múra ìsìnkú ìyá rẹ̀ yóò ti ránṣẹ́ wá pé kí a bá àwọn gé tiwọn. Ta ni yóò sọ fún wọn pé kò sí?

Àríyànjiyàn tó kù

Bàbá Ìbejì gbọ́ gbogbo ìṣirò yìí, ó sì gbà pé ó tọ́. Ohun kan ṣoṣo tí kò fi sílẹ̀ ni náírà. Ó ní kí n rántí oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀, tí dọ́là tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bí ₦460 fò, tó sì ré kọjá ₦1,500 kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí. Ó ní ẹni tó ra mówà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ti jèrè láìṣe nǹkan kan, àti pé ohun tí a kò rà lónìí ní ₦4,800,000, a lè máà rí i rà mọ́ láéláé.

N kò lè sọ pé irọ́ ni. Ohun tí mo sọ ni pé ẹni tó bá tà á nìkan ló jèrè. Ẹni tó ń gùn ún, wákàtí rẹ̀ ń dínkù lójoojúmọ́, ẹ̀rọ kì í sì í ṣe ilẹ̀. Apá kan nínú owó náà ni a óò tún yá. Ní ìparí ọdún 2024, iye èlé tí Báńkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ jẹ́ ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àwọn ilé ìfowópamọ́ sì ga ju ìyẹn lọ. Bí gbogbo ₦4,800,000 bá jẹ́ owó èlé ní ìdá 27.5 náà, èlé ọdún kan nìkan yóò jẹ́ ₦1,320,000, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí Bàbá yóò gbà lọ́dún kan. Bàbá Ìbejì dákẹ́ lórí ìyẹn. Ó ní òun yóò tún bá mi sọ ọ́ bí òjò bá dáwọ́ dúró.

A kò ra mówà náà. Bàbá àti èmi ti kọ àdéhùn sílẹ̀: Sátidé kejì síra wọn, ₦45,000, owó ìgbà méjì àkọ́kọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú kó lè fi ra abẹ àti okùn ọ̀rá tuntun. Àwọn òṣìṣẹ́ wa yóò ṣa òkúta àti búlọ́ọ̀kù inú pápá bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ tó yẹ kí a ti ṣe láti ìgbà tí a kọ́lé tán. Nínú oṣù Kọkànlá, a óò wo inú ìwé bóyá Sátidé kankan yẹ̀. Bí kò bá sí èyí tó yẹ̀, tí a sì rí ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rà, n óò fi ọwọ́ ara mi pe ẹni tó ń tajà.

Bàbá fi ohun kan kún àdéhùn náà tí n kò béèrè. Ó ní nínú oṣù Kẹjọ, bí òjò bá sinmi tí koríko kò sì ga, òun kò ní wá, òun kò sì ní gba owó ọ̀sẹ̀ náà. Bàbá Ìbejì ní kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀, mo sì kọ ọ́.